Ẹ Kú Ilé Tí A Kò Gbọ́

Ìyá mi ló ni ìbínú ilé wa, èmi ni mo jogún rẹ̀. Ohùn wa tún jọra débi pé bí mo bá gbé fóònù rẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ṣàpọ́n á ti rojọ́ tán kí wọ́n tó mọ̀ pé ọmọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó lè bọ́ ìborùn ọrùn rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí inú bá ti bí i, ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà ló máa jù.

Lọ́jọ́ kan, orógùn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ba àbúrò mi obìnrin lókè ojú, ẹ̀jẹ̀ sì bo ọmọ náà lójú. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíṣìnnì, ó sunkún ju ẹni tó ṣèṣe lọ. Nígbà tó dìde, ó ní òun fẹ́ bá wa ṣe àdéhùn.

Òun fúnra rẹ̀ ló là á sílẹ̀. Bí inú bá bí òun, òun á jáde lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé òun, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe òun. Bí ọkàn òun bá rọ̀, òun á wọlé, òun á ní, "Ẹ kú ilé o." Bàbá mi á dáhùn pé, "Káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ ti tán." Ẹni tó bá tún hú ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́yìn ìyẹn ti da àdéhùn. Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí òfin dùn mọ́ bí ẹran, bu iyọ̀ sínú àwo. Gbogbo wa tọ́ ọ lá, kó má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ó sì ṣiṣẹ́, ẹ má rò pé kò ṣiṣẹ́. Bàbá mi sọ bẹ́ǹṣì náà ní kóòtù. Bí a bá ti rí ìyá wa tó ń jáde, a ó máa sọ lábẹ́lẹ̀ pé adájọ́ ti ń lọ jókòó. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni bàbá mi tẹ̀ lé e lọ bẹ̀ ẹ́. Ìyá mi wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ṣé iyọ̀ tí ẹ lá ti tán lẹ́nu yín ni?"

Láti ọjọ́ náà, bàbá mi kò tún dán an wò mọ́.

Mo ti ń gbé ní Owódé nígbà tí ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí dé. Mo wá kí wọn nílé ní Ìbarà. Ìyá mi ní kí n bá òun ṣọ́ ìrẹsì ọ̀fadà lórí iná, èmi wà lórí fóònù, ìrẹsì jóná kanlẹ̀. Ó wo ìkòkò, ó wò mí. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ọ̀sán ti ń rọlẹ̀.

Láti ojú fèrèsé kíṣìnnì, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń rí, tó fara ti igi. Mo se ìrẹsì míì, mo bu tirẹ̀ sọ́tọ̀, mo dé e. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Kò dìde.

"Òjò ń pa màmá," ni àbúrò mi wí.

"Ọkàn rẹ̀ ò tíì rọ̀ ni," bàbá mi dáhùn. "Ẹ má pè é. A ti ṣàdéhùn."

Mo mú agboòrùn dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, mo sì dúró síbẹ̀. Inú mi dùn sí i, kí n sòótọ́: mo rò pé sùúrù ìyá mi ti ga tó báyìí, pé òjò gan-an kò lè bà á jẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló da àdéhùn. Ó pè é láti ẹnu ọ̀nà. Ó tún pè é.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Ó béèrè ìgbà tó ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa. "Ṣé ẹ ò pè wọ́n ni?" Báwo lèèyàn ṣe ń ṣàlàyé iyọ̀ fún dókítà?

Nínú ilé tèmi, èmi náà ń jáde bí inú bá bí mi, torí mo ní ọmọ, mo sì ń bẹ̀rù ọwọ́ ara mi. Àdéhùn tiwa yàtọ̀. Ọmọ mi gbọ́dọ̀ máa pè mí, mo sì gbọ́dọ̀ máa jẹ́ ẹ. "Màmá!" "Ò!" Bí inú tilẹ̀ ń bí mi gidi, mo máa ń jẹ́ ẹ. Àmọ́ bí mo bá wọlé, mi ò kí ẹnikẹ́ni. N kò lè sọ gbólóhùn yẹn.

Àfi lọ́jọ́ kan báyìí, tí mo lọ wo bàbá mi. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó máa ń jókòó sí pálọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tó kọjú sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo ti gbàgbé ara mi. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ẹrù lọ́wọ́ mi, ó sì bọ́ lẹ́nu mi: "Ẹ kú ilé o."

Bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì ti àga, ó dìde.

"Káàbọ̀," ló wí. "Ọ̀rọ̀ ti tán."

N kò lè sọ fún un pé èmi ni.