Àpọ́nlé Wà Lábẹ́ Iyanrìn Odò

Àpọ́nlé ti kú. Ìtì igi tí òun fúnra rẹ̀ gé ló wó lù ú nínú odò Òpàrà, lọ́sàn-án gangan, lójú sójà ìhín àti sójà ọ̀hún. Títí di òní, wọn kò jẹ́ ká gbé e wálé. Inú ń bí mi, n kò sì ní bò ó.

Odò yìí ló pààlà Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ṣùgbọ́n kí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n ni àwa ará Ìdí-Àyin àti àwọn àna wa ní òdìkejì ti jọ ń fi igi àti amọ̀ sé e, kí omi má baà tán lẹ́ẹ̀rùn. Àpọ́nlé ló ń tọ́jú ìsé náà. Bó bá ń po amọ̀, ó máa ń fi Mọ́rìnọ́lá ìyàwó rẹ̀, ọmọ òdìkejì, ṣe yẹ̀yẹ́: "Àwọn ará ilé yín ló ń mu gbogbo omi yìí!" Mọ́rìnọ́lá á ní, "Bàbá Àsánì, ọmọ wa lẹ gbé, ẹ jẹ́ ká mumi."

Ogun Jámánì dé. Àwọn tí Faransé fẹ́ fi ṣe sójà ń sá gba orí ìsé kọjá sọ́dọ̀ wa. Ni òyìnbó méjèèjì, tí wọ́n jọ ń bá Jámánì jà o, bá bẹ̀rẹ̀ ìjà lórí ìsé: ta ló ni ín? Ajẹ́lẹ̀ bi Baálẹ̀ wa. Baálẹ̀ ní, "Ti àwọn àna wa ni." Wọ́n bi òdìkejì, àwọn náà ní, "Àwọn àna wa ló ni ín." Ta ní í bá àna rẹ̀ du nǹkan? Òyìnbó kò mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni. Wọ́n ní ìsé kò ní ẹni tó ni ín, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ìsé wá ń jò, omi ń lọ. Àpọ́nlé wọ odò lọ dí i, ìtì igi tó gé wá sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láàárín gbùngbùn. Ó ń pè wá. Sójà tiwa na ìbọn sí wa: "Ẹ má wọ̀ ọ́! Odò ẹlòmíràn ló wà." Ohun tí sójà ọ̀hún náà sọ fún àwọn àna wa nìyẹn. Ṣé omi a máa bèèrè ìlú ènìyàn kó tó pa á? Ìgbà tó dákẹ́ tán ni wọ́n gbà ká sin ín sórí iyanrìn àárín odò, níbi tí kì í ṣe ti ẹnìkan.

Ṣé sójà nìkan ni ká bá wí? Baálẹ̀, ẹ̀yin náà wà létí odò. Ẹ ò lè lanu pé ọmọ wa ni?

Òjò ti ń ṣú lápá Ṣakí. Bí odò bá kún, iyanrìn á lọ, Àpọ́nlé á bá a lọ. Mọ́rìnọ́lá ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ nínú ìyẹ̀wù ọkọ rẹ̀, ó ń dúró. Ajẹ́lẹ̀, ẹ dárúkọ ẹni tó pàṣẹ pé ká má wọ odò, kí ẹ sì fìyà jẹ ẹ́. Baálẹ̀, ẹ kó wa lọ síwájú Ajẹ́lẹ̀ lọ́la, kí ẹ wí ohun tó yẹ kí ẹ ti wí: "Tiwa ni ìsé. Tiwa ni òkú."