Ọkùnrin tí Ìyá Mi Lé Padà Lẹ́nu Ọ̀nà Wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín, torí ó ti ń jẹ mí nínú, n ò rẹ́ni sọ ọ́ fún.

Ẹ rántí pé mo ṣe ìdánwò ìjọba, kọnkúù tí gbogbo yín bá mi gbàdúrà lé lórí? Akọ̀wé ni mo fẹ́ ṣe ní Kútọnu, ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àṣírí sí. Mo yege! Gbogbo àdúgbò wa ní Kétu ló gbọ́. Àmọ́ wọn kì í ṣàdédé gbani síbẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ wádìí ẹni: ìwà rẹ, ilé rẹ, owó tí o jẹ. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, ìbéèrè kan sì wà níbẹ̀ pé ṣé mo jẹ gbèsè.

Èmi Rèmíátù, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé rárá.

Irọ́ ni! Mo jẹ Ìyá Ṣẹ́fíù lówó, ìyá oníṣòwò tó wà lójú pópó wa. Òun ló yá mi lówó tí mo fi ra àgbàdo lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Odomẹ̀ta, pé kí n kó o pamọ́ títí yóò fi wọ́n, kí n wá tà á fún àwọn ará Nàìjíríà. Kòkòrò ló bá mi jẹ ẹ́. Nígbà tí mo máa tú àpò, lẹ́búlẹ́bú ló kù. Ẹni tó bá ti kó àgbàdo pamọ́ rí á mọ ohun tí mò ń wí.

Ìyá Ṣẹ́fíù ò pariwo lé mi lórí, àmọ́ ó ń ránṣẹ́. Lónìí àbúrò rẹ̀, lọ́la ẹnì kan tí n ò mọ̀ rí tó gun ọ̀kadà wá. Ojú tì mí. Ni mo bá kọ́ ìyá mi pé ẹnikẹ́ni tí wọn ò bá mọ̀ tó bá béèrè mi, kí wọ́n ní mo ti lọ sí Nàìjíríà.

Ìyá mi tí kì í fi ìrun kankan jáfara! Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sunkún, wọ́n ní ó dáa, pé ta ni yóò bo àṣírí ọmọ àwọn bí àwọn ò bá bò ó? Wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe ju bí mo ṣe rò lọ! Wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà gbagidi, wọ́n á fajú ro, wọ́n á fi etí ìró nu ojú.

Lọ́jọ́ kan, mò ń ṣa ẹ̀wà ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan níwájú ilé. N ò yọjú. Ìyá mi ní mo ti sá lọ sí Nàìjíríà tipẹ́. Ó béèrè ohun tó lé mi lọ. Wọ́n ní gbèsè ni, kó lọ sọ fún ẹni tó rán an pé kó ṣe sùúrù. Wọ́n wá bá mi, inú wọn ń dùn. Wọ́n ní èyí tòní tiẹ̀ mú bíírò lọ́wọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń kọ sílẹ̀, pé àwọn ti lé e lọ fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àní, mo dúpẹ́!

Ẹ ti mọ ẹni tó jẹ́, àbí? Ọ́fíìsì Kútọnu ló rán an wá wádìí mi. Kò wọ aṣọ iṣẹ́ kankan.

Nígbà tí n ò rí orúkọ mi nínú àwọn tí wọ́n gbà, mo wọ mọ́tò lọ béèrè ní Kútọnu. Ìyá àgbà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì náà ló ṣí ìwé mi. Ẹnu yà wọ́n pé èmi nìyí, torí ohun tó wà níbẹ̀ ni pé mo ti sá kúrò nílùú. Mo ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Wọ́n ní gbèsè nìkan kọ́ ló jẹ́ kí àwọn kọ̀ mí. Ká ní mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, kí n sì fi hàn pé mò ń san án díẹ̀díẹ̀, wọn ì bá rò ó wò. Àmọ́ ẹni tó jẹ gbèsè, tó ń fi í pamọ́, tó tún ń sá, ẹnikẹ́ni tó bá lówó lọ́wọ́ lè ra àṣírí lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, a ò lè fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́ ibí yìí.”

Mo sunkún láti Kútọnu dé Kétu. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ fi san gbèsè náà, ẹ gbà mí!

Mo wá lọ kúnlẹ̀ fún Ìyá Ṣẹ́fíù. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n wí? Wọ́n ní ká ní ọkùnrin yẹn dé ọ̀dọ̀ àwọn ni, ohun tí àwọn ì bá sọ ni pé ọmọ dáadáa ni mí, pé kòkòrò ló bá mi jẹ àgbàdo. Ẹni tí mò ń sá fún!

Wọ́n máa ń ní ikú yá ju ẹ̀sín. Èmi sá fún ẹ̀sín, ẹ wo ibi tí mo sá dé. Bí ẹ bá jẹ gbèsè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá olówó, kí ẹ sì kọ òtítọ́ síbi tí wọ́n bá ti bi yín. Mi ò ní ọgbọ́n mìíràn láti fún yín.

Ohun tó kù tí n ò mọ̀ bí mo ṣe máa ṣe é nìyí. Láràárọ̀, bí ìyá mi bá kírun tán, wọ́n á bi mí bóyá Kútọnu ti pè mí. Wọn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ló wà nínú ìwé yẹn, èmi ni mo sì fi í sí wọn lẹ́nu. Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí fún mi: kí lẹ sọ fún ìyá yín?