Ọjọ́ Tí A Ní Kí Àwọn Olóṣèlú Ṣẹ́ Kèké

Ọdún tí mo lóyún ọmọ mi kejì ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní Onitsha, níbi tí èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ débẹ̀. Iṣẹ́ táìsì, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé, ló ń ṣe, ọjà Ogidi ló sì ti máa ń ra ẹrù rẹ̀. Nígbà tí a ṣègbéyàwó tán ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo di ẹrù mi, mo tẹ̀ lé e kọjá Odò Ọya, mo sì ṣí ṣọ́ọ̀bù irun síwájú ilé tí a ń gbé. Kò pẹ́ tí mo fi ń sọ Ìgbò dáadáa, torí obìnrin tó jókòó kí o bá òun dirun kò ní panu mọ́ látàárọ̀ dọ̀sán.

Obìnrin kan wà nínú ọgbà wa tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa. Bọ̀ọ̀lì ló ń sun tà lẹ́nu géètì. Ó jù mí lọ díẹ̀. "Nwunye anyị" ló máa ń pè mí, ìyẹn ni pé "ìyàwó wa", èmi náà a sì máa pè é ní "Nne", bí ẹni ń pe ìyá ẹni. Ọjọ́ tí mo sọ fún un pé mo ti fẹ́ra kù, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ti ń fura sí ara òun. Nígbà tó yá, a rí i pé òótọ́ ni. Oyún tèmi ló ṣáájú, tirẹ̀ ń tẹ̀ lé e bọ̀.

Ilé ìwòsàn ìjọba kékeré kan wà ní òpópónà tó kàn tiwa. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọ̀sẹ̀ ló sì yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláboyún. Obìnrin tó ń wá pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká lọ. Wọ́n ní tẹ́lẹ̀, ìjà ni wọ́n máa ń jà lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó bá sì mọ ẹnì kan ní káńsù á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Nígbà tó sú nọ́ọ̀sì, ó wá ọgbọ́n dá sí i. Ó kó ìdérí ìgò mínírà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, pupa díẹ̀, funfun púpọ̀, ó fi aṣọ bò ó lójú. Oníkálukú á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá mú pupa, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá mú funfun, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àwọn obìnrin fẹ́ràn rẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, torí pupa ni mo mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyàwó ọlọ́jà ńlá àti ìyàwó alágbàṣe ń ki ọwọ́ bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. A ní ojúsàájú ti tán nìyẹn.

Nígbà tí mo padà lọ, funfun ni mo mú. Mo tún lọ, mo tún mú funfun. Lásìkò yìí ẹsẹ̀ mi ti ń wú. Bàtà mi kò wọ̀ mọ́, orí sì ń fọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè bẹjú wo oòrùn. Ọkọ mi ní ká lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni, ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀ jọ mọ bí nǹkan ṣe rí fún wa lọ́dún náà. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ta ni aláboyún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í wú.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi àti Nne jọ lọ. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, funfun. Òun ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, pupa. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi, ó sì fi ìdérí pupa náà sí mi lọ́wọ́.

"Wọlé."

"Tiyín ni, Nne."

"Ara tèmi le. Wọlé kí n tó bínú sí ọ."

Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Ó wò ó, ó tún un wọ̀n, ohùn rẹ̀ sì yí padà. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ru kọjá ààlà, pé bí mo bá tún lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, èmi tàbí ọmọ inú mi, ẹnì kan lè bá a lọ. Ó fún mi lóògùn, ó júwe ọsibítù ńlá tí mo ti máa bímọ fún mi, ó sì ní láti ọjọ́ náà lọ, tààrà ni kí n máa wọlé wá bá òun, kí n má ki ọwọ́ bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́.

Mo ti dìde kí n tó rántí àwọn tó ti ń lọ sílé níta. Mo bi í pé, "Mà, àwọn tó mú funfun lónìí ńkọ́? Báwo lẹ ṣe máa mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà ti ru?"

Ó ń ká okùn ẹ̀rọ náà. "Mi ò lè mọ̀," ló sọ. "Mádàámù, èmi nìkan ni mo wà níbí."

Ó wá sọ fún mi pé lódìkejì títì ńlá, ilé ìwòsàn mìíràn wà, abẹ́ káńsù kan náà. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ pọ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí i, kò sì sí ẹni tó ń ṣẹ́ kèké níbẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi ẹnì kan kún òun.

Nígbà tí Nne mú funfun lọ́sẹ̀ kejì, mo fà á lọ́wọ́, a wọ kẹ̀kẹ́ márúwá lọ sí òdìkejì títì. Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì wa sọ. Bẹ́ǹṣì ṣófo, fáànù ń fẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì méjì sì ń tàkúrọ̀sọ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn béèrè òpópónà tí a ti wá. Nígbà tí a sọ ọ́, ó mi orí.

"Ẹ̀yin ní tiyín lápá ibẹ̀," ló wí, kò sì fi ìbínú sọ ọ́. "Tí a bá gba ẹ̀yin méjì, gbogbo wọn á dà síbí."

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kí Nne tó dá mi dúró. Ó wá ní, "Nwunye anyị, ṣé o mọ ọjọ́ tí mo mú funfun gan-an? Ọjọ́ tí mo gba yàrá lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù wa ni. Ká ní òdìkejì títì ni mo ti rí ilé gbà, pupa ni mo mú nìyẹn. Wọn ò kàn fi bọ́kẹ́ẹ̀tì hàn mí lọ́jọ́ náà ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Gbogbo obìnrin tó jókòó níwájú mi nínú ṣọ́ọ̀bù ni mo sọ ọ́ fún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé ilé ìwòsàn kejì wà. Ojú ọ̀kan fà ro, mo rò pé irun ló ń dùn ún. Ó wá sọ pé àbúrò òun mú funfun títí oṣù fi pé, ilé ló bí i sí, ọmọ náà kò sì dúró. Ó ní gbogbo wọn ti gbà pé orí ni kò bá a ṣe é.  Mo fi ìyarun sílẹ̀, mo di ejìká rẹ̀ mú.

Ìbò káńsù ti ń sún mọ́lé nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò pe àwọn tó ń du ipò alága sí pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, kí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Mẹ́rin ni wọ́n, ọkùnrin mẹ́ta, obìnrin kan. Tíṣà kan ló ń darí ètò. Èmi, Nne àti àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀bù mi jókòó sọ́wọ́ iwájú. A ti fẹnu kò sí ohun tí a fẹ́ ṣe.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ìlera, ọkùnrin tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lórí oyè ló kọ́kọ́ gba máíìkì. "Ẹ lọ wo ilé ìwòsàn yín," ló wí. "Olówó àti tálákà ń ki ọwọ́ bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Ta ló tún lè ṣe ìdọ́gba jù bẹ́ẹ̀ lọ?" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹnì kejì ní òun máa gbé kèké náà sórí fóònù, kí aláboyún lè máa ṣẹ́ ẹ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹnì kẹta ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọn yóò máa ṣẹ́ ẹ lábẹ́ òun. Obìnrin inú wọn ní ó yẹ kí a fún nọ́ọ̀sì tó ronú kan bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́bùn. Kò sẹ́ni tó sọ pé òun máa fi nọ́ọ̀sì kún un.

Tíṣà béèrè bóyá a ní ìbéèrè. Mo dìde. Oyún ti hàn gbangba lára mi nígbà náà, ó sì gbà mí ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí n tó nàró. Mo fi Ìgbò kí wọn. Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní kí ọmọ Yorùbá lọ béèrè nílẹ̀ Yorùbá.

Kí n tó yíjú, Nne ti dìde. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn? Ìyàwó wa ni. Níbí ló ti lóyún, níbí ló ti ń dìbò. Àbí òun kọ́ ló di irun tó wà lórí ìyàwó rẹ?"

Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà pẹ̀lú. Mo wá sọ tèmi.

"Ẹ̀yin àgbà, a ti gbọ́ pé kèké dára. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, ìbéèrè ṣì pọ̀, máíìkì kan ṣoṣo ló sì wà. Ẹ jẹ́ ká ṣẹ́ kèké sí i. Ìdérí mẹ́rin nìyí, pupa kan, funfun mẹ́ta. Ẹni tó bá mú pupa ni yóò máa bá wa sọ̀rọ̀ lọ. Kí àwọn tó kù máa lọ sílé. Wọ́n lè padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bóyá orí á bá wọn ṣe é."

Nne ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tó fi ń fọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú wọn. Obìnrin tó ń du ipò náà rò pé eré ni. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó mú funfun. Ó dúró, ó ń wò ó lọ́wọ́ ara rẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Nne gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lórí oyè, ó fà sẹ́yìn.

"Mi ò lè ṣe èyí," ló wí. "Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì báyìí sọ́wọ́ oríire. Ẹ̀tọ́ mi ni láti sọ̀rọ̀."

"Ohun tí àwa náà ń sọ nìyẹn, sà," ni mo fi dá a lóhùn. "Ẹ̀tọ́ wa ni."

 Obìnrin tí àbúrò rẹ̀ pàdánù ọmọ dìde, ó ní, "O zugo," ìyẹn ni pé ó tó gẹ́ẹ́. Ẹlòmíràn dìde, ó sọ ohun kan náà. Kí a tó mọ̀, ìdajì pápá ti dìde dúró. Ẹsẹ̀ wíwú tó ń dùn mí tẹ́lẹ̀, n kò mọ ọ́n lára mọ́. Obìnrin tó mú funfun yẹn ló gba máíìkì, ó ní òun kó ọ̀rọ̀ òun jẹ. Ó ní ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo àwọn dáhùn ni pé kí ló dé tí nọ́ọ̀sì fi pọ̀ lápá kan títì, tó sì jẹ́ ẹyọ kan lápá kejì. Tíṣà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó títí gbogbo wọn fi fẹnu ara wọn sọ pé bí àwọn bá wọlé, nọ́ọ̀sì yóò pọ̀ lápá tiwa.

Ọkùnrin tó fà sẹ́yìn náà ló wọlé. Àwọn kan ní ó ti parí nìyẹn. Mo ti bímọ nígbà náà, ní ọsibítù ńlá. Oògùn ti kápá ẹ̀jẹ̀ ríru mi, obìnrin ni mo bí, ó sì sunkún bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Nígbà tí alága tuntun gorí àga tí a kò rí nǹkan kan, mo pọn ọmọ mi, Nne gbé oyún rẹ̀ tó ti wúwo, àwọn obìnrin tó kù tẹ̀ lé wa, a lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ káńsù. Ọ̀ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí a gbé lọ ń ké, èkejì ń gbè é. Alága jáde sí wa. Ó dá mi mọ̀.

"Ìwọ obìnrin bọ́kẹ́ẹ̀tì," ló wí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ́fíìsì mìíràn ló ń pín nọ́ọ̀sì, kì í ṣe tòun.

"Ẹ bá wa débẹ̀," ni Nne fèsì. "A ò kánjú."

Ó bá wa débẹ̀ lóòótọ́. Kò pẹ́ púpọ̀ sí ìgbà náà tí nọ́ọ̀sì méjì fi kọjá títì wá bá nọ́ọ̀sì wa, lẹ́yìn wọn ni wọ́n sì rán agbẹ̀bí kan wá. Ojoojúmọ́ ni ilé ìwòsàn wa ń ṣí báyìí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń dirun lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wá pè mí pé ọmọ ti ń mú Nne. Mo bá a débẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta títí mo fi gbọ́ igbe ọmọkùnrin rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wa jáde, ó ń nu ọwọ́, ó jókòó tì mí. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọjọ́ náà ni òun kọ́kọ́ jẹ oúnjẹ ọ̀sán ní àsìkò oúnjẹ ọ̀sán.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àwọn obìnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Abúlé kan létí odò, tó kọjá Odekpe, ni wọ́n ti wá, wọn ò sì wá dirun. Wọ́n ti gbọ́ ohun tí a ṣe. Ilé ìwòsàn tiwọn wà ní títì pa, àwọn olóṣèlú sì ń bọ̀ wá bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n fẹ́ kí a wá jókòó tì wọ́n. Mo wo Nne, Nne wo mi. Ó pa iná ààrò bọ̀ọ̀lì rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, a pọn ọmọ wa sẹ́yìn, a sì bá wọn wọ ọkọ̀.