Òjò Inú Ìwé Tíṣà Kithome

Nígbà tí mo kọ́kọ́ pàdé Tíṣà Kithome, ó gbá ìwé àlàyé ewì kan mọ́ra bí ìyá ọmọ tuntun. Lítíréṣọ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ girama àgbà ní Kitui, níbi tí òjò ti lè gbàgbé ọ̀nà fún ọdún méjì. Ohun tí ìwé yẹn bá ti sọ, abẹ ti gé e.

Ìwé náà ní òjò inú ewì kan dúró fún ẹkún. Mutheu, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, kọ ọ́ nínú ìdánwò pé ayọ̀ ni. Òdo ló gbà lórí ìbéèrè yẹn, bẹ́ẹ̀ máàkì méjì péré ló kù kó bọ́ lọ́wọ́ títún kíláàsì kà.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń sunkún nítorí òjò nílùú yìí?"

"Ṣé o wá mọ̀ ọ́n ju ẹni tó kọ̀wé lọ ni? Jókòó, ọ̀jọ̀gbọ́n àìgboyè!"

Kò tíì pa ẹnu dé tí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù. Tíṣà ju ìwé sílẹ̀, ó sáré jáde. "Ẹ gbé bẹ́sìnì! Ẹ gbé korobá!" Gbogbo eyín rẹ̀ ló wà níta.

Mutheu gbé korobá tẹ̀lé e. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Tíṣà. Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà bá wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi rántí pé òun ni wọ́n ń rín. Nígbà tí òjò dá, ó fún Mutheu ní máàkì méjì nínú márùn-ún. "Ti òjò nìyẹn. Mẹ́ta tó kù, ti ìwé ni."

Mutheu bọ́ sí kíláàsì tó tẹ̀ lé e. Tíṣà Kithome ṣì ń kọ́ni ní girama náà. Lójú pátákó rẹ̀, ẹkún ni òjò ṣì jẹ́.