Ogójì Gíráàmù

Ogójì gíráàmù ni wọ́n fi gba iṣẹ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́wọ́ Gudveig. Mo wà lórí ìlà ìwọ̀n lọ́jọ́ náà.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni nígbà tó fi gbogbo obìnrin agbègbè wa sẹ́yìn nínú eré pátákó yìnyín, èyí tí wọ́n ń fi pátákó gígùn méjì tí wọ́n dè mẹ́sẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín. Wọ́n pè é sí ibùdó àwọn tí yóò ṣojú orílẹ̀-èdè, ó lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀, wọ́n sì dá a padà. Wọ́n ní ó lágbára, ṣùgbọ́n ó ti dàgbà jù. Ó gba iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn, ó sì ń sáré lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tó pé ọgbọ̀n ọdún, ó ra kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gun òkè, nítorí pé ìgbà ooru gùn fún ẹni tí kò fẹ́ràn nǹkan mìíràn ju yìnyín lọ. Bó bá ń gòkè, ọkùnrin díẹ̀ ló lè bá a. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀, ńṣe ló ń di bíréèkì mú bí ọmọdé ṣe ń di aṣọ ìyá ẹ̀ mú.

Eldar, alága ẹgbẹ́ eléré ìdárayá wa, máa ń kígbe sí i látẹ̀yìn pé, “Gudveig, ilẹ̀ ò níí jẹ ẹ́. Fi bíréèkì sílẹ̀.”

Gudveig á ní, “Bó o bá délẹ̀, dúró dè mí. Èmi náà ti dúró dè ẹ́ lókè.”

Eré méjì ni àfonífojì wa ní: ti pátákó yìnyín lóṣù Mẹ́ta, ti kẹ̀kẹ́ lóṣù Kẹjọ. Nínú méjèèjì, oníkálùkù á gbé àpò kílò mẹ́ta ààbọ̀ kọjá òkè, wọ́n á sì wọn àpò náà níparí; bí kò bá pé, eré ẹni náà ò kà. Ẹni tó bá parí eré méjèèjì lásìkò fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún léraléra, wọ́n á gbẹ́ orúkọ ẹ̀ sára igi inú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Orúkọ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Kò sí ti obìnrin kankan.

Òkúta ni àwọn mìíràn ń gbé. Irin wáfù ìyá ẹ̀ ni Gudveig ń gbé, irin dúdú aláwẹ́ méjì tí wọ́n fi ń dín àkàrà pẹlẹbẹ oníyẹ̀fun, tó fi súwẹ́tà onírun àgùntàn wé. Bó ti wọn gbogbo ẹ̀ pọ̀ nígbà àkọ́kọ́, kílò mẹ́ta ààbọ̀ ni, kò lé, kò dín. Kò tún wọ̀n ọ́n mọ́ nílé.

Ní ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn eré oṣù Mẹ́ta, ẹgbẹ́ yá irin náà láti fi ṣe wáfù fún ọjọ́ àwọn ọmọdé, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Gunnvor, akọ̀wé ẹgbẹ́, ló dá a padà. Irin náà ń dán.

“Búrọ́ọ̀ṣì onírin ni mo fi ha á,” ni Gunnvor wí. “Bọ́tà jíjóná ogójì ọdún ló wà lára ẹ̀. Apá ń ro mí.”

“O ṣeun,” ni Gudveig wí, ó sì gbé e padà sínú àpò.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ eré kẹ̀kẹ́. Gudveig dé nígbà tí àsìkò ku ìṣẹ́jú méjìlá. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni. Aslak ló wà nídìí òṣùwọ̀n.

“Fún omi ara súwẹ́tà yẹn kí n tó wọ̀n ọ́n.”

“O ò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó wà níwájú mi.”

“Wọn ò níí gbẹ́ orúkọ ẹni yẹn sára igi lọ́dún yìí. Tìẹ gbọ́dọ̀ dá wa lójú.”

Ó fún un. Kílò mẹ́ta àti irínwó ó lé ọgọ́ta gíráàmù. Ó wo irin náà, ó sì yé e ibi tí ìyókù lọ.

“Ogójì gíráàmù,” ni Aslak wí. “Ó dùn mí.”

“Kò dùn ẹ́.”

Eldar ló kàn. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún tiẹ̀ náà nìyẹn. Omi ń kán lára àpò ẹ̀. Aslak gbé e sórí òṣùwọ̀n bó ṣe wà.

“Aslak, fún tiẹ̀ náà,” ni Gudveig wí.

“Gudveig, jẹ́ ká wọlé lọ jẹun,” ni Eldar wí. “Òtútù ń mú gbogbo wa.”

Aslak kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó pé. Àwa mẹ́tàdínlógún la wà lórí ìlà, kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan. Mo ka ara mi mọ́ wọn.

Wọ́n gbẹ́ orúkọ Eldar lóṣù Kẹwàá. Láti ìgbà náà ni Gudveig ti ń ṣe wáfù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, bọ́tà rẹpẹtẹ, kì í sì í fọ irin náà. Ó ra òṣùwọ̀n kékeré sí ilé ìdáná. Nígbà tí oṣù Mẹ́ta dé, ó parí eré pátákó yìnyín, ó fún súwẹ́tà ẹ̀ kí Aslak tó lanu, àpò ẹ̀ sì fi gíráàmù mẹ́fà lé.

Lóṣù Kẹrin, Gunnvor kanlẹ̀kùn.

“Ọjọ́ àwọn ọmọdé ti dé. Mo wá mú irin.”

“Ó níṣẹ́ lọ́wọ́.”

“Iṣẹ́ wo? Òun nìyẹn lórí tábìlì.”

“Ó ń wúwo sí i,” ni Gudveig wí. “Mo ti tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan, ó ku ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn tọdún yìí. Má fọwọ́ kàn án.”

Búrẹ́dì ni àwọn ọmọdé jẹ lọ́dún yẹn.