Àwọn Ìwé Sinimá Àbúrò Mi

Iṣẹ́ káfíńtà ni ọkọ mi ń ṣe ní Ọ̀tà nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí. Àga àti ilẹ̀kùn ló fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onífótò pọ̀ nílùú, férémù ló wá ń kàn jù. Bó bá ti kan igi tán, èmi ni mo máa ń nu gíláàsì, tí mo sì máa ń to àwòrán sí i. Ìdí iṣẹ́ yìí ni àbúrò mi ọkùnrin ti wá bá wa.

Ilé sinimá kan ní Èkó ni àbúrò mi ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló máa ń lẹ ìwé ńlá tí wọ́n fi ń polówó eré mọ́ ara ògiri káàkiri ìgboro. Bí wọ́n bá ti ṣe eré kan tán, wọn á ní kó ya ìwé rẹ̀ dànù, kó lẹ òmíràn síbẹ̀. Kò lè ṣe é. Yóò fi omi rẹ ìwé náà, yóò rọra ṣí i kúrò lára ògiri, yóò ká a bí ẹní, yóò sì gbé e wọ bọ́lẹ̀kájà wá sí Ọ̀tà lọ́jọ́ ìsinmi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ojú obìnrin yìí," ó wí lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀. "Ẹnì kan ló jókòó tó yà á. Ṣé kí n wá fà á ya?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Bí o ò bá fà á ya, ikán á jẹ ẹ́."

"Ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i kí ikán má jẹ ẹ́."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èmi ni mo máa ń se sítáàṣì pákí, n ò ní jẹ́ kó ki jù. A ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, a ó wá lẹ ẹ̀yìn ìwé náà mọ́ ọn. Ibi tó bá ti ya, àbúrò mi á fi ìka to etí rẹ̀ pọ̀ títí ojú ibi tó ya náà á fi pòórá. Bó bá gbẹ, ọkọ mi á fi kẹrosíìnì pa igi férémù nítorí ikán, á sì fi gíláàsì bò ó. Gíláàsì tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í sábà dé Ọ̀tà láìfọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé náà wà ní kíká lábẹ́ ibùsùn àbúrò mi ní ilé ìyá wa nínú ìlú kan náà, tòun ti káfúrà láàárín wọn nítorí kòkòrò.

Ìyá wa ò fẹ́ rí wọn sójú. "Àwòrán ènìyàn nínú ilé tí mo ti ń kírun!" ni wọ́n máa ń wí. "Irú aṣọ tí a fi ń wé òkú lẹ tún ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ kó o kúrò nílé mi."

Nígbà tó yá, àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ó ní eruku ògiri Èkó ni. Ó ń húkọ́ náà, ó ń rù, títí àwọn ọ̀gá rẹ̀ fi ní kó máa lọ sílé. Ọjọ́ tí mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú áńkáṣíìfù rẹ̀, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ikọ́ ife ni. Àwọn dókítà ní ó ti pẹ́ jù.

Ìwé kan wà tó ya ju gbogbo ìyókù lọ, àwòrán ọkùnrin kan tó ń fa ẹṣin gba inú odò kọjá. Èyí ló ń tún ṣe lórí ẹní àìsàn rẹ̀ ní ilé ìyá wa. Mo ní kó sinmi.

"Mo ti ń sinmi láti àárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ó wí. "Ẹ bá mi di etí ibí yìí mú."

Mo dì í mú. Ó parí rẹ̀, ọkọ mi sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ fi férémù sí i. Àbúrò mi ò rí férémù náà. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ló dákẹ́, a sì ti sin ín kí oòrùn tó mú.

Kò pẹ́ tí àwọn wolé-wolé fi dé, nítorí wọ́n ti gbọ́ irú àìsàn tó pa á. Wọ́n ní gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kàn ni àwọn máa jó. Wọ́n kó ẹní, wọ́n kó aṣọ, wọ́n wá fa àwọn ìwé náà jáde lábẹ́ ibùsùn, àti àwọn tó ti ní férémù. Àfi bí ìyá wa ṣe sáré jáde láìwé gèlè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi! Ọmọ mi ò ya fọ́tò rí! Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀!"

"Màmá, kò ṣeé fi sílẹ̀," ni ọ̀kan nínú àwọn wolé-wolé náà wí. Kò pariwo mọ́ wọn. Ó da kẹrosíìnì sí i, ó ṣáná. Èmi ni mo di ìyá wa mú. Àwọn ojú tí àbúrò mi ti fi ìka tò pọ̀ ká kò nínú iná níṣojú wa.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ọkọ mi rán mi létí pé ọ̀kan ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tí àbúrò mi tún ṣe gbẹ̀yìn. Ẹ̀rù bà mí nítorí àwọn ọmọ wa, kí àìsàn náà má bàa ràn wọ́n. A sá a sí oòrùn lẹ́yìn ilé fún ọjọ́ púpọ̀, kí a tó gbé e lọ fún ìyá wa.

Wọ́n gbé e kọ́ sí yàrá wọn. Bí àkókò ìrun bá tó, wọ́n á fi aṣọ bò ó. Bí wọ́n bá kírun tán, wọ́n á ṣí i. Àwọn tó wá kí wọn máa ń béèrè ẹni tí òyìnbó inú odò yìí jẹ́.

"Èmi ò mọ̀ ọ́n," ni wọ́n máa ń dáhùn. "Ọmọ mi ló tún un ṣe."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n pè mí sídìí rẹ̀. "Níbo ló ti ya?"

Mo tọ́ka sí i, láti ọrùn ẹṣin náà wá sí èjìká ọkùnrin yẹn. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n wò ó títí. Wọ́n fi ìka tọ ojú gíláàsì náà.

"Mi ò rí nǹkan kan," wọ́n wí. "Ó mà mọ̀ ọ́n ṣe o. Mi ò sì sọ fún un rí."

Wọ́n jókòó sórí ibùsùn, omi ń dà lójú wọn. Mo jókòó tì wọ́n títí ọkọ mi fi wá mú mi lọ sílé.