Igi Erékùṣù Tí Bàbá Fọlá Gbà Lọ́wọ́ Ikú

Háà! Bàbá Fọlá, ọkọ mi, ẹ lọ lóòótọ́! Ẹ̀yin ará tó pé jọ sí Barking lónìí, ẹ má bínú sí mi. Omijé nìkan kọ́ ló wà lójú mi. Inú ń bí mi.

Ọkọ mi, ọdún mọ́kàndínlógún lẹ fi tọ́jú igi nínú ilé gíláàsì ńlá kan ní London yìí. Ọ̀kan lára wọn wá láti inú igbó orí òkè ní erékùṣù kan lójú òkun Íńdíà, irú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láyé. Nígbà tó wọ́wé tán, ọ̀gá yín ní, "Ó ti kú. Gbé e dànù." Ẹ fi èékánná ha èèpo rẹ̀, ẹ rí i pé abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù. Lẹ bá fi kóòtù yín bo igi kékeré náà nínú ìkòkò rẹ̀, ẹ gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin wálé sí Eastbury.

Ẹ ní ìkùukùu ló mọ̀ nílé, pé ooru omi gbígbóná inú balùwẹ̀ wa ló jọ ọ́. Gbogbo ìgbà òtútù ni mo fi ń bu omi bọ́kẹ́ẹ̀tì wẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tó jókòó sínú báàfù! Bí mo bá ráhùn, ẹ ó ní, "Ìyá Fọlá, mú sùúrù. Àlejò tí ara rẹ̀ ò yá ni."

Ó rúwé mẹ́ta. Orin ṣọ́ọ̀ṣì lẹ fi jí gbogbo ilé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Olóòótọ́ èèyàn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ lọ sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ yín. Wọ́n wá gbé igi wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lé yín, wọ́n ní ẹ gbé ohun ìní wọn láìgbàṣẹ. Ohun tí wọ́n ní kí ẹ dànù! Ọwọ́ tó mọ igi í tọ́jú wá di ọwọ́ tó ń ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù fún àwọn oníbàárà ní East Street.

Lónìí, àwọn ọmọ igi náà ti ń hù lórí òkè ibi tó ti wá. Àwòrán ọ̀gá yín ló wà lára ògiri ilé gíláàsì, pé òun ló gbà á là. Mo fẹ́ kọ̀wé sí wọn, ẹ gba bírò lọ́wọ́ mi. Ẹ ní, "Igi kì í bèèrè orúkọ ẹni tó bomi rin ín."

Èmi ń bèèrè! Níjọ́sí tí wọ́n gbọ́ ikú yín ni wọ́n fi òdòdó ránṣẹ́, wọ́n kọ "òṣìṣẹ́ wa àtàtà" sí i. Mo dá a padà kí ẹni tó gbé e wá tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin ará, bí wọn ò bá lè kọ orúkọ ọkọ mi, èmi aya rẹ̀ kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ ìdágbére yìí: Jóṣúà Olúdáre Ṣówándé ló gba igi yẹn là.

Ẹ sùn re o, olówó orí mi. Bí ẹ bá fẹ́ dárí jì wọ́n lọ́hùn-ún, ẹ dárí jì wọ́n. Èmi ò tíì ṣe tán.